Bí Ilé-Ìwé Ṣe Lè Ran Ọmọ tó Ní Ọ́tísíìmù Lọ́wọ́ Nígbà tí Ariwo Bá Ń Ni Í Lára

Ojú pópó Warri sí Sapele, ní ìlú Warri ní ìpínlẹ̀ Delta, kì í dákẹ́. Fèrè ọkọ̀, kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta àti ẹ̀rọ amúnáwá iwájú ṣọ́ọ̀bù ń pariwo pọ̀. Ó ti mọ́ ọ̀pọ̀ ọmọ ilé-ìwé lára. Ṣùgbọ́n ní ti àwọn ọmọ kan tó ní ọ́tísíìmù, irú ariwo bẹ́ẹ̀ a máa dùn wọ́n ní tòótọ́. Kí agogo àárọ̀ tó lù, agara ti dá wọn.

Ọ́tísíìmù kì í ṣe àrùn tó ń ràn, kì í sì í ṣe iṣẹ́ ọwọ́ ayé. Bí ọpọlọ ṣe dàgbà ló yàtọ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, fojú bù ú pé ní ọdún 2021, ènìyàn kan nínú 127 ló ní i. Láti ọdún 2013 ni ìwé atọ́nà àwọn oníṣègùn ọpọlọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà ti ka ìnira ariwo, ìmọ́lẹ̀, òórùn tàbí ìfọwọ́kàn mọ́ àwọn àmì rẹ̀. Àwọn mìíràn wà tí nǹkan kì í tètè ta lára rárá.

Ibi tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń gbádùn gan-an ni ìnira ti pọ̀ jù: àpéjọ òwúrọ̀, ìdíje eré sísá, àríyá ìparí ọdún. Ọmọ náà á di etí, á figbe ta, tàbí kó sá lọ. Olùkọ́ á ní olórí kunkun ni, á sì fa pàṣán yọ. Pàṣán kò lè mú kí ìlù rọlẹ̀.

Kí ọjọ́ ìdíje tó pé, ó dára kí wọ́n mú un lọ wo pápá nígbà tí ibẹ̀ bá dákẹ́, kí wọ́n sì fi àwòrán ṣàlàyé ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ ní tẹ̀léǹtẹ̀lé. Kó dúró jìnnà sí ìlù àti gbohùngbohùn. Kó tètè sá eré tirẹ̀, kó sì rí yàrá jẹ́jẹ́ tí yóò ti sinmi. Ohun ìbotí tó ń dín ariwo kù wúlò, ṣùgbọ́n kì í ṣe fún gbogbo ọjọ́. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbá a mú lójijì láti ẹ̀yìn. Gbígbé àga rẹ̀ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé tó kọjú sí títì kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀. Àwọn ilé-ìwé kan a máa ní kí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ jókòó sílé lọ́jọ́ eré; ìyẹn kì í ṣe àánú.

Ó yẹ kí dókítà kọ́kọ́ yẹ etí ọmọ náà wò. Lẹ́yìn náà, kí òbí kọ ohun tó ń bí i nínú àti ohun tó ń tù ú lára sílẹ̀ fún olùkọ́.

Òfin tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2019 lòdì sí dídá aláàbọ̀ ara sí ọ̀tọ̀. Ó pàṣẹ pé kí ilé-ìwé ìjọba gba gbogbo ọmọ mọ́ra, kó sì ní ó kéré tán ẹnìkan tó kọ́ṣẹ́ ìtọ́jú wọn. Òbí lè béèrè lọ́wọ́ ọ̀gá ilé-ìwé ẹni tí ẹni náà jẹ́.