Fẹ́ńdà ń jẹ táyà: Kí awakọ̀ tó sáré pe pánẹ́ẹ̀bítà, kó wo abẹ́ mọ́tò ẹ̀ ná o!

Ariwo kan wà tí àwọn tó ń wọ mọ́tò èrò láti Èkó lọ sí Ibafo àti Mowe mọ̀ dáadáa. Wọ́n á fún èrò mẹ́rin mọ́ ìjókòó ẹni mẹ́ta, ẹrù ọjà á kún bọ́ọ̀tù fọ́fọ́, bí mọ́tò bá sì ti kó sí gálọ́ọ̀pù kan báyìí, àwọn tó jókòó sẹ́yìn á gbọ́ 'gììrì' lábẹ́ ìdí wọn. Ẹlòmíì á rò pé òkúta ló ta bá abẹ́ ọkọ̀. Awakọ̀ ní tiẹ̀ mọ̀ pé kì í ṣe òkúta. Fẹ́ńdà ló ń jẹ táyà. Bákan náà lọ̀rọ̀ rí lápá Ìfọ̀, lójú ọ̀nà Èkó sí Abẹ́òkúta, àtàwọn tó ń kó èrò o, àtàwọn tó ń fi mọ́tò tiwọn lọ síbi iṣẹ́.

Bó bá ti ń rí bẹ́ẹ̀, ọ̀dọ̀ pánẹ́ẹ̀bítà lọ̀pọ̀ onímọ́tò máa ń sáré gbà lọ. "Ọ̀gá mi, ẹ bá mi ká ètí fẹ́ńdà yìí sókè jàre." Ọ̀gá á gbé òòlù, á lù ú gbì gbì gbì, wọ́n á sanwó, ó parí. Àbí ó parí lóòótọ́? Kì í pẹ́ tí ariwo ọ̀hún tún fi ń padà wá, nítorí pé lọ́pọ̀ ìgbà, fẹ́ńdà kọ́ ló jẹ̀bi. Wọ́n fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, wọ́n ń pa làpálàpá ni.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín rárá. Ètí fẹ́ńdà jẹ́ irin pẹlẹbẹ tó mú. Bó bá ṣe ń ha táyà, bẹ́ẹ̀ lá máa bẹ́ rọ́bà ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ díẹ̀díẹ̀, títí tá a fi kan okùn inú ẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ táyà kò sì dà bí ojú tó ń tẹ ilẹ̀. Ìṣó tó bá gún ojú táyà, fọgánáísà á lẹ̀ ẹ́, mọ́tò á máa lọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ tó bá ti ya, fọgánáísà tó mọṣẹ́ ò ní í fọwọ́ kàn án, ńṣe ni wọ́n ń sọ irú táyà bẹ́ẹ̀ nù. Ẹni tó bá ń gùn ún lọ bẹ́ẹ̀, ọjọ́ tí okùn yẹn bá já lórí eré, táyà á fọ́, sítíárìn ò sì ní í gbọ́ ti awakọ̀ mọ́.

Ibi tí Ibafo àti Mowe wà gan-an tún dá kún un. Ọdún 1978 ni ìjọba Ọ̀gágun Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ ṣí òpópónà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe ẹ̀ lọ́dún 2013, iléeṣẹ́ Julius Berger ló gba apá Èkó sí Ṣàgámù, níbi tí ìlú méjèèjì yìí wà. Lórí márosẹ̀, eré ni gbogbo èèyàn ń sá. Ṣùgbọ́n bí mọ́tò bá ti yà wọ àdúgbò tí wọn ò da ọ̀dà sí, kòtò àti gọ́tà ló ń pàdé. Ti Ìfọ̀ náà kò yàtọ̀ púpọ̀: lójú ọ̀nà ọ̀hún ni ilé sìmẹ́ńtì Ewékorò wà láti 1960, àwọn tírélà tó ń kó sìmẹ́ńtì sì wúwo lórí títì. Àdúgbò ló ń pa sípíríǹgì, márosẹ̀ ló ń pa èèyàn. Mọ́tò tí ẹsẹ̀ ẹ̀ ti kú sínú àdúgbò náà ló ń jáde láàárọ̀ tó ń sáré lọ Èkó.

Ohun kejì ni táyà fúnra ẹ̀. Lọ́dún 2007 ni iléeṣẹ́ Michelin dáwọ́ iṣẹ́ dúró ní Port Harcourt, nígbà tó sì di ọdún 2008, Dunlop náà dáwọ́ dúró n'Íkẹjà. Látìgbà náà, ohun tó bá ti òkè òkun dé làwọn èèyàn ń rà. Òfin ò fàyè gba kíkó àlòkù táyà mọ́tò kéékèèké wọ̀lú, síbẹ̀ tòkúnbọ̀ táyà kún ọjà bámúbámú. Ẹni tó bá sì ń ra tòkúnbọ̀, èyí tówó ẹ̀ bá ká ló ń mú, kì í fi bẹ́ẹ̀ wo nọ́ńbà.

Bẹ́ẹ̀, nọ́ńbà ọ̀hún kì í ṣe ẹ̀ṣọ́. Bí wọ́n bá kọ 195/65R15 sára táyà, 195 ni bó ṣe fẹ̀ tó ní mílímítà, 65 ni pé gíga ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ jẹ́ 65 nínú 100 fífẹ̀ yẹn, 15 sì ni ìwọ̀n rìímù ní íńṣì. Ká ní wọ́n wá yọ èyí, wọ́n fi 205/65R15 rọ́pò ẹ̀. Rìímù kan náà ló máa wọ̀, kò sẹ́ni tó máa fura. Ṣùgbọ́n táyà tuntun yìí fi mílímítà 10 fẹ̀ jù ti tẹ́lẹ̀, ó tún fi bíi 13 ga jù ú lọ látòkè délẹ̀. Lójú, kò tó nǹkan. Lábẹ́ fẹ́ńdà tí èrò mẹ́rin ti tẹ̀ wálẹ̀, ó pọ̀ jọjọ. Rìímù alọ́ì táwọn ọ̀dọ́ ń fi ṣe fáàrí náà lè fa wàhálà: ihò bọ́ọ̀tì lè bára mu, kí ikùn ẹ̀ má bá mọ́tò mu, ni táyà bá yọrí síta.

Nítorí náà, ìbéèrè àkọ́kọ́ ni pé: ìgbà wo ló ń ha? Bó bá jẹ́ ìgbà tí wọ́n bá ṣẹ́ sítíárìn dópin nìkan, kí wọ́n wo rọ́bà abẹ́ fẹ́ńdà iwájú. Lára ọ̀pọ̀ tòkúnbọ̀, nọ́ọ̀tì ẹ̀ ti bọ́, rọ́bà ọ̀hún ló ń fì tó ń kan táyà, nọ́ọ̀tì méjì péré ló sì máa parí ẹjọ́. Bó bá jẹ́ ìgbà tí ẹrù bá wọ̀ ọ́ lọ́rùn nìkan, ẹjọ́ sípíríǹgì, ṣọ́ọ̀kì àti àpọ̀jù ẹrù nìyẹn. Bó bá jẹ́ ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ló ń ha, ó ṣeé ṣe kí sípíríǹgì ti ṣẹ́, tàbí kí mọ́tò ti forí sọ nǹkan rí kí ẹsẹ̀ ẹ̀ sì ti yẹ̀. Kí wọ́n gbé mọ́tò sórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, kí wọ́n fi téèpù wọn àárín rìímù dé ètí fẹ́ńdà lọ́tùn-ún àti lósì. Bí méjèèjì ò bá dọ́gba, kí òòlù dúró ná. Bó bá sì jẹ́ gbogbo ìgbà ló ń ha, kí wọ́n yẹ nọ́ńbà táyà àti rìímù wò, bóyá òun náà kọ́ ni iléeṣẹ́ tó ṣe mọ́tò kọ sílẹ̀.

Ẹ̀yìn gbogbo èyí lọ̀rọ̀ tó kan fẹ́ńdà. Láwọn ìlú òyìnbó àti ní Japan, àwọn tó ń rẹ mọ́tò wọn sílẹ̀ fún fáàrí máa ń ká ètí fẹ́ńdà wọn, ọ̀nà tó dáa sì wà tí wọ́n ń gbà ṣe é. Wọ́n á yọ táyà, wọ́n á fọ ẹrẹ̀ inú ẹ̀ dànù, wọ́n á fi afẹ́fẹ́ gbígbóná mú ọ̀dà ara ẹ̀ rọ̀ kó má baà bó, wọ́n á wá ká ètí yẹn sókè díẹ̀díẹ̀, láìsáré. Iná gáàsì kọ́ ni wọ́n ń yọ sí i: ọ̀nà tí epo bẹntiróò ń gbà wọ táǹkì gba inú fẹ́ńdà ẹ̀yìn kan kọjá.

Èyí tó burú jù ni kí wọ́n fi ayùn gé e. Ní fẹ́ńdà ẹ̀yìn, irin méjì ni wọ́n jó pọ̀ níbi ètí yẹn. Ẹni tó bá gé e ti tú ojú ìjópọ̀ ẹ̀, omi òjò á máa ráyè wọlé, bọ́dì á sì máa dógùn-ún látinú. Bó bá di dandan kí wọ́n gé e, àfi kí wẹ́dà tún un jó, kí wọ́n dí i pa, kí wọ́n kùn ún lọ́dà. Kí awakọ̀ má sì tíì sanwó àfìgbà tí wọ́n bá kó èèyàn mẹ́rin sẹ́yìn, tí wọ́n ṣẹ́ sítíárìn sọ́tùn-ún àti sósì, tí táyà ò sì kan nǹkan kan.

Àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, FRSC, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1988, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká sì jẹ́ alága ẹ̀ àkọ́kọ́, ka táyà tí kò dáa àti àpọ̀jù ẹrù sí ẹ̀ṣẹ̀ láyè ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Mọ́tò tí fẹ́ńdà ẹ̀ ń jẹ táyà lè jẹ̀bi méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ṣùgbọ́n ẹ̀ṣọ́ ojú pópó ò lè wà lábẹ́ gbogbo mọ́tò. Àwọn èrò tó wà nínú ẹ̀ ló ń gbọ́ ariwo yẹn. Dípò kí wọ́n máa sọ pé kí ọ̀gá awakọ̀ ṣáà máa sáré, ilẹ̀ ti ń ṣú, ẹnì kan nínú wọn lè sọ pé, "Bọ̀dá, táyà yín ń ha o, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ̀ kalẹ̀ wò ó." Awakọ̀ lè bínú, ó sì lè bú onítọ̀hún. Èébú ò ṣeé fi wé táyà tó fọ́ lórí eré lójú márosẹ̀.