Oúnjẹ Ló Ń Pe Ejò Wọlé

"Máa wo ilẹ̀ o, ọmọ mi. Ibi tí o kò bá rí, má tẹ̀ ẹ́." Bẹ́ẹ̀ ni màmá onílé ṣe kí mi káàbọ̀ sí Ìṣẹ̀rì, létí odò Ògùn, níbi tí Èkó àti Ìpínlẹ̀ Ògùn ti pààlà. Èèyàn ń rí odò náà kedere láti ẹ̀yìnkùlé wọn. Lóṣù kẹsàn-án sí ìkẹwàá, bí òjò bá pọ̀, tí wọ́n sì ń tú omi sílẹ̀ ní dáàmù Ọ̀yán, odò á kún bo bèbè. Omi á wọ ihò ejò, ejò á sì wá ilẹ̀ gbígbẹ lọ.

Màmá fi bí wọ́n ṣe ń dènà ejò hàn mí; ìdí ọgbà la ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ti ro ẹ̀bá rẹ̀ kanlẹ̀, yanrìn ń hàn. Ejò kì í fẹ́ gba gbangba kọjá, torí àṣá ń wò ó látòkè. Wọ́n ti gé ẹ̀ka máńgòrò tó fẹ́ kan òrùlé, nítorí àwọn ejò kan mọ igi í gùn. Ṣùgbọ́n igbó etídò tó wà lẹ́yìn ọgbà, wọn kì í dáná sun ún. Màmá ní, "Àlejò tí a bá fi iná lé jáde níbẹ̀, ilé ta ni yóò yà sí?"

Búlọ́ọ̀kù tó ṣẹ́kù, páànù àtijọ́ àti igi ìdáná wà lórí irin tó ga tó orúnkún, èèyàn lè bẹ abẹ́ wọn wò. Ẹni tó bá fẹ́ mú igi á kọ́kọ́ fi ọ̀pá yí i. Ẹnikẹ́ni kì í ki ọwọ́ bọ ibi tójú kò tó.

Ilé adìyẹ la pẹ́ sí jù. "Àgbàdo tó bọ́ sílẹ̀ ló ń pe eku," ni Màmá wí, "eku ló ń pe ejò." Wọ́n ń gbá ilẹ̀ ibẹ̀ nírọ̀lẹ́, oúnjẹ adìyẹ wà nínú dúrọ́ọ̀mù tó ní ìdérí, wọ́n sì ń kó ẹyin lójoojúmọ́. Wáyà adìyẹ lásán kò tó, ejò kékeré ń gba ojú rẹ̀ kọjá. Èyí tí wọ́n fi bo ìsàlẹ̀ ògiri, ọmọ ìka kò lè gba ojú rẹ̀.

Mo bi wọ́n léèrè gílóòbù tí kò sí lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n ti gbé e lọ sí ìdí géètì. Iná ń kó kòkòrò jọ, kòkòrò ń fa ọ̀pọ̀lọ́, ọ̀pọ̀lọ́ sì ni oúnjẹ ejò. Tọ́ọ̀ṣì ni gbogbo ará ilé ń mú rìn lálẹ́, pẹ̀lú bàtà òjò, torí paramọ́lẹ̀ kì í sá fún ẹsẹ̀ tó ń bọ̀; ibi tó sùn sí náà ni yóò wà.

Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀. Wọ́n ti fi sìmẹ́ńtì dí etí páìpù gbogbo, wọ́n fi nẹ́ẹ̀tì irin bo ojú ihò omi balùwẹ̀, wọ́n sì kan rọ́bà mọ́ ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn títí tó fi ń gbálẹ̀.

Imí ọjọ́ ni àwọn kan ń fọ́n sílẹ̀ láti fi lé ejò, àwọn mìíràn ń lo kánfọ̀. Àwọn onímọ̀ ti dán méjèèjì wò lára ejò, ejò sì gba orí wọn kọjá. Kẹrosíìnì ní tirẹ̀, inú kànga ló ń bá omi lọ.

Bí ejò bá wá bu ẹnìkan jẹ, Màmá kò gba gbẹ́rẹ́ sísín, wọn kò sì gba okùn dídì. Ẹ má ṣe jẹ́ kó rìn, ẹ má jẹ́ kó mi ibi tí ejò ti bù ú, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kíá. Tó bá jẹ́ pé sèbé ló tu oró sí i lójú, omi tó mọ́ ni kí ẹ fi ṣàn án dáadáa kí ẹ tó gbéra. Lọ́dún 2017 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti fi oró ìbùjẹ ejò sára àwọn àìsàn ilẹ̀ olóoru tí a pa tì, síbẹ̀ kì í ṣe gbogbo ilé ìwòsàn ló ní abẹ́rẹ́ tó ń pa oró náà. Ìdí nìyí tí Màmá fi máa ń lọ béèrè ilé ìwòsàn tó ní in lọ́wọ́ kí oṣù kẹsàn-án tó wọlé.