Ọkọ̀ Egina: Wọ́n bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ní Kòríà, wọ́n parí ẹ̀ l'Ékòó, ìjà sì dé kóòtù!

Ẹ̀yin wẹ́dà Ẹdẹ, ẹ gbọ́ ná. Bí oníbàárà bá ní kẹ́ ẹ ṣe géètì, tẹ́ ẹ jó apá kan ní ṣọ́ọ̀bù, tó ní ilé òun lẹ ó ti jó ìyókù, ẹ mọ wàhálà tó wà ńbẹ̀. Bí ẹni tó gbà yín sílé bá tún wá ń bá yín jà kí iṣẹ́ tó parí ńkọ́? Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni ti ọkọ̀ ojú omi Egina, àfi pé géètì tiwọn gùn tó mítà 330. Ó gùn tó pápá bọ́ọ̀lù mẹ́ta tí wọ́n tò síra!

Ọkọ̀ yìí kì í kó èrò. Orí òkun ló ń dúró sí, tó ń fa epo rọ̀bì láti ìsàlẹ̀ omi tó jìn ju mítà 1,500 lọ. Inú ẹ̀ gba àgbá epo mílíọ̀nù 2.3.

Ọdún 2013 ni Total gbé iṣẹ́ náà fún Samsung ti Kòríà. Ṣùgbọ́n òfin ọdún 2010 ti ní kí iṣẹ́ epo máa kan àwọn ọmọ Nàìjíríà. Nínú ìpín 18 tó wà lókè ọkọ̀ náà, Nàìjíríà ni wọ́n ti ṣe 6, wọ́n sì tò ó mọ́ ọn l'Ékòó, ní ibùdó LADOL.

Ìparí oṣù kẹwàá 2017 ló kúrò ní Kòríà, oṣù kìíní 2018 ló gúnlẹ̀ sí Èkó. Ibẹ̀ ni nǹkan ti dojú rú. LADOL àti Samsung takú síra wọn lórí ilẹ̀ àti àdéhùn, ọ̀rọ̀ di ti lọ́yà. Síbẹ̀, iṣẹ́ kò dúró. Oṣù kẹjọ ọkọ̀ forí lé agbami, ọjọ́ 29 oṣù kejìlá 2018 ni epo bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Ìparí 2017 ni wọ́n kọ́kọ́ fojú sí.

Ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín o! Iṣẹ́ tí wọ́n bá ṣe ní Kòríà, ará Kòríà ló ń ta oúnjẹ fún òṣìṣẹ́ ẹ̀. Èyí tí wọ́n bá ṣe nílé, ẹni tó ń ta gàrí àti ẹja yóò rí i jẹ níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n òkun kì í gba gbàrọgùdù. Lóṣù kìíní 2012, iná sọ níbi tí wọ́n ti ń gbẹ́ kànga gáàsì Chevron nínú òkun ìhà Bayelsa. Ẹni 2 kú, iná ọ̀hún sì jó ju oṣù kan lọ. Ìdí nìyẹn tí wẹ́dà tó fẹ́ ṣiṣẹ́ ọkọ̀ epo fi gbọ́dọ̀ yege ìdánwò, tí wọ́n sì ń fi ẹ̀rọ yẹ ojú ibi tó jó wò. Ọwọ́ tó dáńtọ́ nìkan kò tó, ìwé ẹ̀rí ni wọn ó bèèrè.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ má fi ìwé du ọmọ iṣẹ́ yín. Ẹ̀yin ọmọ iṣẹ́, ẹ má sọ pé odò Ọ̀ṣun nìkan lẹ mọ̀, òkun jìnnà sí Ẹdẹ. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Bí ọkọ̀ mìíràn bá tún dé, ṣé ẹ̀yin lẹ ó jó o, àbí ẹ ó tún máa wòran?