Ìfàsúnmọ́ àti Àbùlẹ̀: Ọ̀rọ̀ Yorùbá fún Iṣẹ́ Abẹ Erìgì

Ẹni tí gbòǹgbò eyín rẹ̀ ti hàn síta sábà máa ń wí pé eyín òun ń gùn. Eyín kò gùn. Etí erìgì ni ó sún kúrò ní ààyè rẹ̀, tí gbòǹgbò fi ṣí sílẹ̀, tí omi tútù fi ń ta á. Àrùn erìgì wà lára ohun tí ń fà á, bẹ́ẹ̀ sì ni fífi búrọ́ọ̀ṣì líle ha ìdí eyín.

‘Ìsúnkì’ ni ọ̀pọ̀ yóò kọ́kọ́ rò, ṣùgbọ́n aṣọ tí ó súnkì, gbogbo ara rẹ̀ ni ó kó jọ. Ti erìgì kò rí bẹ́ẹ̀. ‘Sísún sókè’ kò tọ́, nítorí pé ìsàlẹ̀ ni erìgì eyín ìsàlẹ̀ ń lọ. ‘Ìsúnkúrò erìgì’ gba méjèèjì. Ìmọ̀ èdè ti ní díẹ̀ lára ohun èlò yìí tẹ́lẹ̀: ẹni tí ó bá pe t àti d ní aferìgìpè, tí ó pe y ní afàjàpè, ti ní erìgì àti àjà ẹnu lọ́wọ́.

Orúkọ ìtọ́jú ni ó le. Bí ará Akowonjo bá lọ sí ilé-ìwòsàn ní Ìdí-Àràbà, tí a sì sọ fún un pé ‘iṣẹ́ abẹ erìgì’ ni a fẹ́ ṣe, ó lè fọwọ́ sí ìwé láìmọ̀ pé ọgbẹ́ méjì ni òun yóò gbé relé, ọ̀kan ní ìdí eyín, èkejì ní àjà ẹnu. Orúkọ gbọdọ̀ sọ ibi tí ẹran ti wá.

Nínú irú kan, ẹran kò kúrò lára orísun ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Oníṣègùn yóò la erìgì, yóò fà á sórí gbòǹgbò, yóò sì rán an. Grupe àti Warren ṣàlàyé ní 1956 bí a ṣe lè fa erìgì láti ẹ̀gbẹ́; ewu ibẹ̀ ni pé eyín tí a yá aṣọ lọ́wọ́ rẹ̀ lè di oníhòòhò. Lẹ́yìn náà ni fífà á láti ìdí eyín náà gan-an gbilẹ̀. Ọgbẹ́ kan ni, ṣùgbọ́n erìgì tín-ín-rín kò ní ohun púpọ̀ tí a lè fà.

Irú kejì ti ní orúkọ lọ́dọ̀ aránṣọ: àbùlẹ̀. Nínú ‘àbùlẹ̀ òkè’, a bu awọ àti ẹran papọ̀ láti àjà ẹnu, a sì rán an mọ́ ìdí eyín. Ó ń mú erìgì nípọn, ṣùgbọ́n àwọ̀ àjà ẹnu ni ó gbé dé. Lórí erìgì dúdú, ó ń hàn bí ègé aṣọ funfun lára àdìrẹ. Ojú ọgbẹ́ àjà ẹnu yóò sì wà ní ṣíṣí títí yóò fi jinná. ‘Àbùlẹ̀ abẹ́’, tí Langer àti Langer kọ nípa rẹ̀ ní 1985, yàtọ̀. A ṣí awọ àjà ẹnu bí ìlẹ̀kùn, a bu ẹran abẹ́ rẹ̀, a dá ìlẹ̀kùn padà, a sì tẹ́ ẹran náà sábẹ́ erìgì tí a fà. Erìgì ibẹ̀ gan-an ni ojú ń rí. Òun ni àwọn oníṣègùn sábà fi ń díwọ̀n àwọn ọ̀nà yòókù. Àwọn mìíràn kì í la àárín eyín rárá. Wọ́n ń gba abẹ́ erìgì bí okùn ṣe ń gba ìdí ṣòkòtò.

‘Ìfàbò’ ìbá dùn létí fún irú kìíní. Ṣùgbọ́n Miller là á sílẹ̀ ní 1985 pé níbi tí egungun àti ẹran àárín eyín bá ti jẹ kúrò, a kò gbọdọ̀ retí pé gbogbo gbòǹgbò ni yóò bò. Orúkọ tí ó ní ‘bò’ nínú ti ṣèlérí fún aláìsàn kí oníṣègùn tó sọ̀rọ̀. ‘Ìfàsúnmọ́’ ń sọ ohun tí ọwọ́ ṣe. Ó fi èyí tí ẹran yóò ṣe sílẹ̀ fún ìgbà tí ọgbẹ́ bá jinná.