Ìkarahun Idẹ: Dídán Rẹ̀ Kò Tó Ẹ̀rí

Bí ìbọn bá dún tán, ọta ti lọ, ẹ̀tù ti jóná, èéfín ti bá atẹ́gùn lọ. Ohun kan ṣoṣo ni ó ṣẹ́kù fún ẹni tí ó yìn ín: ìkarahun idẹ tí gbogbo wọn jọ wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ ọdẹ àti àwọn tí ń fi ìbọn díje kì í sọ ìkarahun yìí nù. Ṣe ni wọ́n ń ṣà á bí ẹni ń ṣa ekùrọ́, tí wọ́n ń kó o lọ sílé, tí wọ́n ń yọ ìṣáná kékeré tí ó ti jó kúrò ní ìdí rẹ̀, tí wọ́n ń fi òmíràn rọ́pò, tí wọ́n ń bu ẹ̀tù tuntun sí inú rẹ̀, tí wọ́n sì ń fi ọta tuntun dé e lẹ́nu. Ó tún di odidi kátíríìjì nìyẹn. Àwọn kan ń ṣọ́ owó ná ni. Àwọn mìíràn ń wá kátíríìjì tí yóò máa ba ojú àmì kan náà ní gbogbo ìgbà. Ṣùgbọ́n ẹ̀tù kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń bá ṣeré. Bí ìkarahun tí ó ti gbó bá ya mọ́ ìbọn nínú, ojú ẹni tí ó gbé ìbọn náà ti ẹ̀rẹ̀kẹ́ ni ewu kọ́kọ́ ń bá.

Ìdí nìyí tí ẹni tí ó mọ iṣẹ́ yìí dunjú kì í fi kọ́kọ́ béèrè irú ẹ̀tù tí akẹ́gbẹ́ rẹ̀ ń lò. Ìkarahun ni yóò gbà wò. Kí ó sì yé gbogbo ènìyàn pé ọ̀rọ̀ òkè òkun ni ọ̀rọ̀ yìí o: ní Nàìjíríà, òfin ìbọn ọdún 1959 kò fi àyè gba ẹnikẹ́ni láti jókòó sínú ilé rẹ̀ kí ó máa ṣe kátíríìjì.

IṢẸ́ TÍ IDẸ Ń ṢE

Idẹ tí wọ́n fi ń ṣe ìkarahun ọta ní òṣùwọ̀n tirẹ̀: nínú ìdá ọgọ́rùn-ún, 70 jẹ́ bàbà, 30 jẹ́ síńkì. Wọn kò ṣàdédé yan àpòpọ̀ yìí. Ẹ mú kátíríìjì .308 Winchester, tí àwọn ọdẹ àgbọ̀nrín ní Amẹ́ríkà fẹ́ràn gan-an, gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ. Ipá tí òfin àwọn onílé-iṣẹ́ gbà láàyè nínú rẹ̀ tó 62,000 pọ́n-ùn lórí ínṣì kan níbùú lóròó. Afẹ́fẹ́ inú táyà ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kò ju bí 30 lọ. Ní ìṣẹ́jú àáyá tí ìbọn bá dún, ìkarahun a wú bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹni tí ń fun kàkàkí, a lẹ̀ mọ́ ara irin, a sì dí gbogbo àyè tí iná ìbá gbà bọ́ sẹ́yìn. Bí ipá náà bá ti rọlẹ̀, idẹ a sún kì díẹ̀, ó sì ṣeé fà jáde. Bàbà lásán mọ̀ ọ́n wú, ṣùgbọ́n kò mọ̀ ọ́n sún kì dáadáa. Ó máa ń há sínú ìbọn.

Ara ìkarahun kan náà kò rí bákan náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ìdí rẹ̀ nípọn, ó sì le. Ọrùn rẹ̀ fẹ́lẹ́, ó sì rọ̀. Pẹlẹbẹ idẹ ni wọ́n ń fi ẹ̀rọ fà ní ìpele-ìpele títí yóò fi gùn, wọn a sì máa fi iná rọ̀ ọ́ láàárín ìpele kan sí èkejì, nítorí idẹ tí a bá ń tẹ̀ tí a ń fà láìfi iná rọ̀ ọ́ yóò sán. Níkẹyìn, wọn a fi iná kan ọrùn rẹ̀. Àwọ̀ aláró kan a máa kù síbẹ̀. Nínú ti àwọn ológun, wọ́n ń fi àwọ̀ náà sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Nínú ti ọjà, wọ́n sábà máa ń dán an kúrò. Ẹni tí kò mọ̀ a ní kátíríìjì náà ti bàjẹ́, bẹ́ẹ̀ ẹ̀rí pé wọ́n ṣe é bí ó ti yẹ ni.

OJÚ OGUN NI WỌ́N TI KỌ́ Ọ

Ní nǹkan bí ọdún 1866 ni ọ̀gá ológun Gẹ̀ẹ́sì kan, Edward Boxer, ṣe kátíríìjì fún ìbọn Snider, tí wọ́n ń ki láti ìdí dípò ẹnu. Àwọn ọmọ Yorùbá mọ Snider dáadáa. Òun wà lára àwọn ìbọn tí Èkìtìparapọ̀ gbà láti Èkó nígbà ogun Kírìjí, tí ọmọ ogun Ìbàdàn tí ń ki ṣakabùlà láti ẹnu fi mọ̀ pé ayé ti yí padà. Ṣùgbọ́n ìkarahun Boxer àkọ́kọ́ kì í ṣe odidi idẹ. Idẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bíi bébà ni wọ́n ká, tí wọ́n sì so mọ́ ìdí irin.

Irú ìkarahun aláwẹ́ká bẹ́ẹ̀ ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣì ń lò nínú ìbọn Martini-Henry nígbà tí wọ́n pàdé àwọn ọmọ ogun Mahdi ní Abu Klea, ní ilẹ̀ Sudan, ní January 17, 1885. Iyanrìn àti ooru darapọ̀ mọ́ ìkarahun tí kò nípọn. Ìbọn há mọ́ ọ̀pọ̀ ọmọ ogun lọ́wọ́ nígbà tí ọ̀tá ti dé bèbè wọn. Lẹ́yìn èyí ni odidi idẹ tí ẹ̀rọ fà bẹ̀rẹ̀ sí í rọ́pò bébà idẹ.

Àwọn ará Amẹ́ríkà náà ní ìtàn tiwọn. Ìkarahun bàbà ni Custer àti àwọn ọmọ ogun rẹ̀ ń lò ní Little Bighorn ní June 25, 1876, níbi tí òun àti gbogbo àwọn tí ó wà lọ́dọ̀ rẹ̀ ti kú. Fún ọdún pípẹ́ ni wọ́n di ẹ̀bi ru ìkarahun tí ó há. Nígbà tí iná jó koríko pápá náà ní 1983, àwọn awalẹ̀pìtàn yẹ ilẹ̀ wò ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, díẹ̀ ni ìkarahun tí wọ́n rí tí ó ní àpá pé wọ́n fi ọ̀bẹ yọ ọ́. Ẹ̀bi náà kò tó bí wọ́n ti pariwo rẹ̀. Síbẹ̀, ìjọba Amẹ́ríkà fi bàbà sílẹ̀ gba idẹ.

Èyí tí ó jinlẹ̀ jù nínú àwọn ẹ̀kọ́ náà wá láti India. Bí àkókò òjò bá ti dé, kátíríìjì tí àwọn ológun Gẹ̀ẹ́sì kó pamọ́ a máa sán fúnra wọn, láìsí ẹni tí ó yìn wọ́n, láìsí ẹni tí ó jù wọ́n lulẹ̀. Nítorí pé ọdọọdún ni, wọ́n ní àrùn ìgbà ni. Ní 1921 ni onímọ̀ mẹ́ta, Moore, Beckinsale àti Mallinson, tú àṣírí rẹ̀. Inú ilé ẹṣin ni wọ́n ń kó kátíríìjì náà sí. Amóníà tí ń jáde láti inú ìtọ̀ ẹṣin ń bá ọ̀rinrin rìn, ó sì ń jẹ idẹ tí fífà ẹ̀rọ ti fi ìnira pamọ́ sí ara rẹ̀. Iná tí kò pọ̀ ni wọ́n ní kí wọ́n fi yá a, kí ìnira inú rẹ̀ lè tú.

BÍ WỌ́N TI Ń YẸ̀ Ẹ́ WÒ

Ohun kan ṣe àwọn ará Amẹ́ríkà lóore. Boxer, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, ni ó ṣe ìdí ìkarahun tí ó ní ihò kan ṣoṣo láàárín. Berdan, ọmọ Amẹ́ríkà, ni ó ṣe èyí tí ó sábà máa ń ní ihò kéékèèké méjì. Ilẹ̀ Yúróòpù gba ti Berdan, Amẹ́ríkà gba ti Boxer, olúkúlùkù gba ọmọ ẹlòmíràn tọ́. Ihò kan yẹn ni abẹ́rẹ́ irin ń gbà láti inú wá ti ìṣáná tí ó ti jó jáde. Òun ni ó sọ títún ọta kì di iṣẹ́ tí ènìyàn lè ṣe ní orí tábìlì ilé rẹ̀.

Ìdí ìkarahun ni wọ́n ń kọ́kọ́ kà, nítorí lẹ́tà tí wọ́n tẹ̀ síbẹ̀ ni orúkọ àti ọjọ́ orí rẹ̀. LC pẹ̀lú nọ́ńbà méjì túmọ̀ sí ilé-iṣẹ́ Lake City ní Missouri àti ọdún tí wọ́n ṣe é. Wọn kì í da ti ilé-iṣẹ́ kan pọ̀ mọ́ ti òmíràn. Ìkarahun ológun sábà máa ń nípọn ju ti ọjà lọ, àyè inú rẹ̀ sì kéré. Ẹ̀tù tí kò ṣe nǹkankan nínú ọ̀kan lè ga ní ipá jù nínú èkejì.

Bí ọrùn bá ti sán, sísọnù ni. Bí ìṣáná tuntun bá wọlé láìtiraka rárá, ihò ìdí ti fẹ̀, ìkarahun náà ti parí iṣẹ́. Gígùn rẹ̀ náà ní ààlà: .308 kò gbọdọ̀ ju mìlímítà 51.18 lọ, wọ́n sì sábà máa ń gé e padà sí 50.93. Ọrùn tí ó gùn jù yóò há sí iwájú ihò ìbọn, yóò fún ọta mọ́ra, ipá yóò sì ru sókè.

Ṣùgbọ́n èyí tí ó ń ba ẹni tí ó mọ̀ ọ́n lẹ́rù jù lọ kì í hàn bẹ́ẹ̀. Lókè ìdí díẹ̀, níbi tí idẹ tí ó nípọn ti ń bọ́ sí èyí tí ó fẹ́lẹ́, òrùka kan tí ó mọ́lẹ̀ ju ibi yòókù lọ a máa yọ. Ìdí tí ó le kò tẹ̀ lé ara tí ó ń nà, wọ́n sì ń fa ara wọn ní ìkòríta yẹn ní gbogbo ìgbà tí ìbọn bá dún. Lọ́jọ́ kan, ìdí a jáde, ara a kù sínú ìbọn. Kí ó tó dé bẹ́ẹ̀, wọ́n ń fi wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n tẹ̀ lórí rá inú rẹ̀ láti ìdí wá sókè. Bí orí wáyà náà bá bọ́ sínú kòtò kékeré kan, ọ̀rọ̀ ti tán. Dáì tí wọ́n fi ń tún ìkarahun ṣe náà máa ń fi òrùka dídán sílẹ̀ lára rẹ̀, ó sì ti da ọ̀pọ̀ ènìyàn láàmú. Wáyà nìkan ni ó mọ ìyàtọ̀.

Ohun tí ó sì ń fa òrùka náà ni àìbára-mu. Ìkarahun tí ó ní èjìká gbọ́dọ̀ bá ihò ìbọn mu láti ìdí dé èjìká. Ẹni tí ó bá fi dáì ti èjìká rẹ̀ sẹ́yìn jù ti ṣí àlàfo sílẹ̀, ìkarahun yóò sì nà láti dí i. Ìdá méjì nínú ẹgbẹ̀rún ínṣì ni ọ̀pọ̀ àwọn tí ó mọ̀ ọ́n ń tì í sẹ́yìn, èyí tí kò tó ìnípọn bébà kan. Ìbọn Lee-Enfield, tí àwọn ọmọ Nàìjíríà gbé jà ní Bọ́mà, tí àwọn ọlọ́pàá sì gbé fún ọ̀pọ̀ ọdún lábẹ́ orúkọ Máàkì Fọ́ọ̀, ní ihò tí ó fẹ̀ kí ẹrẹ̀ ojú ogun má baà dí i. Ó dára fún ogun. Ẹni tí ń tún kátíríìjì .303 rẹ̀ kì, tí ó sì ń ti èjìká rẹ̀ padà sí ti ilé-iṣẹ́ nígbà gbogbo, yóò tètè rí òrùka náà.

Ti fífọ̀ ńkọ́? Omi tí wọ́n po ásíìdì inú ọsàn wẹ́wẹ́ mọ́ ni ọ̀pọ̀ wọn ń lò, àwọn ìyá àgbà tí ń fi ọsàn wẹ́wẹ́ fọ idẹ kò sì ní yà sí i. Oògùn ìdán bọ́tìnnì tí ó ní amóníà nínú ni wọ́n ń sá fún, nítorí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ilé ẹṣin India. Ó lè mú idẹ dán bí ọjọ́ ìgbéyàwó, kí ó sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́ láti inú.

Èyí tí kò bá yege, wọn kì í kàn jù ú sínú pàǹtí. Ẹ̀mú ni wọ́n fi ń tẹ ẹnu rẹ̀ pọ̀ pẹrẹsẹ, kí ẹlòmíràn má baà ṣà á lò, kí wọ́n tó dà á sínú garawa àwọn tí ń fi ìwọ̀n ra idẹ àlòkù.