Nígbà Tí Orúkọ Ẹni Kò Sí Nínú Ìwé Ìgbéga

Ní gbogbo ilé iṣẹ́ ọba, ìbáà ṣe ní Agodi ní Ìbàdàn, ilé Olúyọ̀lé, tàbí ní Aláùsá ní Èkó Akété, ilé ọgbọ́n, tàbí ní Òkè-Mosàn ní Abẹ́òkúta, ilé àwọn ọmọ Lísàbí, ọjọ́ kan wà tí àwọn òṣìṣẹ́ kì í lè jókòó pẹ́ lórí àga: ọjọ́ tí ìwé ìgbéga bá jáde ni. Àwọn tí orúkọ wọn wà níbẹ̀ a máa rìn bí ẹni tí ilẹ̀ kò gbà. Àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn a máa bọ̀ wọ́n lọ́wọ́, wọn a sì máa béèrè ìgbà tí mínírà yóò dé. Ṣùgbọ́n ní igun kan nínú yàrá náà, ẹnìkan wà tí ó ti ka ìwé náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, tí ó tún kà á láti ìsàlẹ̀ padà sókè, tí kò sì rí orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́. Ẹni yìí, tí ó ń dé ibi iṣẹ́ ṣáájú ọlọ́dẹ ẹnu ọ̀nà, tí ó jẹ́ pé òun gan-an ni ó kọ́ ẹni tí a gbé ga ní bí a ti ń to lẹ́tà sínú fáìlì, ni mo ń bá sọ̀rọ̀.

Ohun tí ó kọ́kọ́ máa ń sọ sí irú ẹni bẹ́ẹ̀ lọ́kàn ni pé ayé ni ó ṣe é. Kí ilẹ̀ tó ṣú, aya tàbí ọkọ ti ní kí a lọ rí wòlíì, ẹ̀gbọ́n ti ní kí a lọ bi Ifá, ọ̀rẹ́ kan sì ti dárúkọ ẹni tí ó dúró sí ìdí ọ̀rọ̀ náà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bi í. Èmi kò ní bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí ohun tí ojú kò rí. Ohun tí ojú rí ni pé nǹkan mẹ́ta ni ó sábà máa ń dá ìgbéga dúró: ìlànà lè dá a dúró, ìwé lè dá a dúró, ènìyàn sì lè dá a dúró, ẹni tí kò bá sì mọ èyí tí ó dá tirẹ̀ dúró, ọ̀dọ̀ ẹni tí kò mọwọ́mẹsẹ̀ ni yóò ti máa wá ohun tí ó sọnù.

Láti ìgbà ìgbìmọ̀ Udoji, tí àbọ̀ rẹ̀ jáde ní 1974, ni a ti ń ka ipò iṣẹ́ ọba ní Nàìjíríà láti ìpele 1 dé 17. Ìlànà ìjọba àpapọ̀ sọ pé ẹni tí ó wà ní ìpele 6 sí ìsàlẹ̀ gbọ́dọ̀ lo ọdún 2, ó kéré tán, kí ó tó lè gòkè. Láti 7 dé 14, ọdún 3 ni. Láti 15 sókè, ọdún 4. Ìpele 8 ni ẹni tí ó jáde yunifásítì ti ń bẹ̀rẹ̀, kò sì sí ìpele 11 rárá, láti 10 ni a ti ń fò sí 12, nítorí náà kí akọ̀wé tuntun má ṣe rò pé wọ́n jí ọ̀kan gbé mọ́ òun lọ́wọ́. Ẹni tí ó bá jókòó ṣírò rẹ̀ yóò rí i pé láti ìpele 8 dé 17, níbi tí àwọn ọ̀gá àgbà tí a ń pè ní dáírẹ́kítọ̀ wà, ọdún 26 ni yóò gba ẹni tí a kò fo orúkọ rẹ̀ rí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bẹ́ẹ̀ ni ọjọ́ orí 60 tàbí ọdún 35 lẹ́nu iṣẹ́, èyí tí ó bá kọ́kọ́ pé, ni òṣìṣẹ́ fi ń fẹ̀yìn tì. Èyí ni pé ẹni tí ó wọlé ní ẹni ọdún 36, bí ó tilẹ̀ jẹ́ ọmọ ìyá kan náà pẹ̀lú gómìnà, bí ìlànà bá ń ṣiṣẹ́, àsìkò ìfẹ̀yìntì yóò bá a lójú ọ̀nà. Ẹni tí ó gba HND ní ilé ẹ̀kọ́ gbogboǹṣe ń bẹ̀rẹ̀ ní ìpele 7, ó sì ti pẹ́ tí ìlànà ti fi 14 ṣe òpin ìrìn rẹ̀, àfi bí ó bá padà lọ kàwé kún ìwé. Lókè pátápátá, àyè a tún máa ṣọ̀wọ́n. Ẹni mẹ́wàá lè yege ìdánwò kí ó jẹ́ pé àga méjì péré ni ó ṣófo. Yàtọ̀ sí èyí, láti ìgbà òfin orílẹ̀-èdè ti 1979, ipò ní iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ gbọ́dọ̀ tàn kárí àwọn ìpínlẹ̀. Ẹni tí kò mọ ìṣirò yìí a máa di kùnrùngbùn sí ọ̀gá rẹ̀ nítorí ohun tí agbára ọ̀gá náà kò ká.

Ṣùgbọ́n bí ọdún bá pé, tí àyè wà, tí ẹni tí a jọ wọlé lọ́jọ́ kan náà sì gòkè tí ó fi wá sílẹ̀, ìwé ni kí a yẹ̀ wò. Gbogbo òṣìṣẹ́ ọba ni ó mọ fọ́ọ̀mù APER, èyí tí a fi ń díwọ̀n iṣẹ́ ẹni lọ́dọọdún, bí ìjọba àpapọ̀ tilẹ̀ ti ń fi ètò mìíràn rọ́pò rẹ̀. Láyé àtijọ́, ìkọ̀kọ̀ ni ọ̀gá ti máa ń kọ àbọ̀ nípa ọmọ abẹ́ rẹ̀, tí ẹni tí a ń kọ nípa rẹ̀ kò sì ní mọ ohun tí a kọ títí yóò fi fẹ̀yìn tì. Fọ́ọ̀mù yìí mú èyí kúrò: òṣìṣẹ́ fúnra rẹ̀ ni ó ń kọ apá tirẹ̀ ṣáájú, iṣẹ́ tí a yàn fún un, èyí tí ó ṣe àti èyí tí kò lè ṣe, ẹ̀kọ́ tí ó lọ kọ́, lẹ́yìn náà ni ọ̀gá rẹ̀ yóò fún un ní máàkì, tí ọ̀gá tí ó ju ti àkọ́kọ́ lọ yóò fọwọ́ sí i, tí a ó sì ní kí òun náà buwọ́ lù ú pé òun ti rí i.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ náà ti ń dùn mí jù. Ẹni tí ó fi ọdún kan gbáko ṣiṣẹ́ bí ẹrú, tí ó wá fáìlì tí ó sọnù títí ó fi rí i, tí ó dúró di alẹ́ nígbà tí àwọn ọ́dítọ̀ dé, ni yóò gba fọ́ọ̀mù yìí ní ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì, tí yóò sì da ohun tí ó kọ ní èṣí kọ sí i: "Mo ń tọ́jú fáìlì, mo sì ń ṣe iṣẹ́ mìíràn tí a bá rán mi." Ìgbìmọ̀ tí yóò ka ìwé náà kò mọ ojú rẹ̀ rí, kò mọ bí ó ti ń pẹ́ kúrò níbi iṣẹ́ sí, ọ̀rọ̀ tí ó kọ yìí nìkan ni wọ́n ní. Bí ó bá ti kọ pé òun parí fáìlì ìfẹ̀yìntì 140 kí oṣù Kẹsàn-án tó jáde, tí kò sì sí ọ̀kan tí a dá padà nínú wọn, ẹni tí ń kà á yóò dúró. Ilé ni ó ti bá wa: a tọ́ wa pé ènìyàn kì í fi ẹnu ara rẹ̀ yin ara rẹ̀, pé ẹlòmíràn ni í ròyìn iṣẹ́ ẹni. Ẹ̀kọ́ tí ó dára ni fún agbo ẹbí, ṣùgbọ́n fọ́ọ̀mù kò ní ìyá àgbà tí yóò kì í. Kí a ní ìwé kékeré kan nínú dúrọ́ọ̀, kí a máa kọ iṣẹ́ tí a bá parí sí i lóṣooṣù, nítorí ní ìparí ọdún, orí ẹnikẹ́ni kì í rántí ohun tí ó ṣe ní oṣù Kejì.

Ọ̀gá tí kò fẹ́ràn wa kò sì ṣọ̀wọ́n. Àwọn àgbà ti ní ọ̀tá ẹni kì í pa òdù ọ̀yà. Lójú irú ọ̀gá bẹ́ẹ̀, èkúté ni gbogbo ẹran tí a bá pa. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí a ka máàkì tí ó fún wa kí a tó buwọ́ lù ú, kí a fi ọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́ kọ ibi tí a kò fara mọ́ sínú àyè tí a fi sílẹ̀ fún èsì, kí a sì ya ẹ̀dà kan pamọ́ sílé. Mo mọ ẹni tí ó buwọ́ lu fọ́ọ̀mù òfìfo nítorí pé ọ̀gá rẹ̀ ń kánjú lọ síbi òkú. Ohun tí ọ̀gá náà padà wá kọ sí i, Ọlọ́run nìkan ni ó mọ̀ ọ́n.

Ní ti ènìyàn, ta ni kò mọ mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́? Ó wà ní iṣẹ́ ọba, ó sì wà ní báńkì àti ilé iṣẹ́ aládàáni, níbi tí wọn a ti lẹ ìwé mọ́ ara ògiri pé àyè kan ṣófo, kí ẹni tí ó bá fẹ́ ẹ kọ̀wé, nígbà tí ẹni tí wọn yóò mú ti wá wọn fèrèsé yàrá náà láti ra kọ́tìnì. Nígbà mìíràn, ará ìta ni wọ́n máa ń lọ mú wá, wọn a sì máa san owó gọbọi fún ohun tí ẹni tí ó wà nínú ilé ti mọ̀ ọ́n ṣe láti ọjọ́ pípẹ́. Àwọn baba wa sì ti kìlọ̀ fún irú ilé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ pé bí a bá ta ará ilé ẹni lọ́pọ̀, a kì í rí i rà lọ́wọ̀n-ọ́n.

Èyí tí ó ń dun ni ju owó lọ ni kí ẹni tí a gbé lé wa lórí jẹ́ àbúrò. Ọmọbìnrin tí ó ń kúnlẹ̀ kí wa láàárọ̀ àná, tí ó ń pè wá ní Àǹtí, òun ni a ó máa gbé fáìlì lọ bá lónìí nínú yàrá tí ẹ̀rọ amúlétutù wà. Òótọ́ ni pé bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà, ṣùgbọ́n kí àgbà má ṣe wá fi àkísà náà bo fáìlì mọ́lẹ̀ kí ọmọdé lè kọsẹ̀. Nínú ìpàdé, Mádàámù ni kí a pè é, láìfi ẹnu yẹ̀yẹ́ pè é. Bí a bá pàdé níbi ìkómọjáde, òun náà yóò tún kúnlẹ̀, nítorí ọmọ tí a kọ́ ni. Ẹ má sì gbàgbé pé láti òní lọ, òun ni yóò máa fún wa ní máàkì.

Kì í ṣe òní ni a ti ń fo ẹni tí ó tọ́ sí ipò. Nígbà tí Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣoògùn, papò dà ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá 1891, ọ̀pọ̀ onígbàgbọ́ ní Èkó ni ó ń wojú James Johnson, ẹni tí a bí ní Sàró, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ Ìjẹ̀ṣà, tí ìyá rẹ̀ jẹ́ Ìjẹ̀bú, tí ìwà rẹ̀ sì mú kí wọ́n máa pè é ní Johnson Mímọ́. Òyìnbó ni a fi sórí àga náà, Joseph Hill. Hill kú ní Èkó ní oṣù Kìn-ín-ní 1894, kò tíì pẹ́ tí ó dé, òyìnbó mìíràn, Herbert Tugwell, ni a sì tún fi rọ́pò rẹ̀. Isaac Olúwọlé àti Charles Phillips gba ipò igbákejì bíṣọ́ọ̀bù ní 1893. Johnson dúró di 1900 kí irú ipò bẹ́ẹ̀ tó kàn án, kò sì kọjá ibẹ̀ mọ́. Aáwọ̀ lórí bí wọ́n ti ṣe é nígbà tí ó ń fi Breadfruit, ṣọ́ọ̀ṣì tí ó ń darí ní Èkó, sílẹ̀ bí àwọn ọmọ ìjọ rẹ̀ nínú tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀pọ̀ nínú wọn fi jáde ní 1901, tí wọ́n sì dá ìjọ African Church sílẹ̀, èyí tí ó wà títí di òní. Johnson fúnra rẹ̀ kò bá wọn jáde; ó ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ títí ó fi kú ní 1917. Mo ti ro ọ̀rọ̀ yìí títí, n kò sì lè sọ pé ẹni tí ó dúró gbọ́n ju àwọn tí ó jáde lọ, tàbí pé àwọn tí ó jáde ní ìgboyà ju ẹni tí ó dúró lọ. Ní ti iṣẹ́ ìjọba, ó di 1948 kí ìgbìmọ̀ Hugh Foot tó dábàá pé kí a má ṣe gba àjèjì sí ipò àgbà níbi tí ọmọ Nàìjíríà tí ó kúnjú ìwọ̀n bá wà.

Ẹni tí ọ̀ràn yìí bá bá lónìí, kí ó jẹ́ kí ìbínú rẹ̀ sùn mọ́jú ná. Lẹ́yìn náà, kí ó lọ bá ọ̀gá rẹ̀, nítorí ẹni tí ó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Ọ̀nà tí a ń gbà béèrè ni ó yàtọ̀. Bí a bá wí pé, "Kí ni ẹ rí lára Lágbájá tí ẹ kò rí lára mi?" ọ̀gá yóò gbèjà ara rẹ̀, ọ̀rọ̀ yóò sì dẹ̀jọ́. Ṣùgbọ́n bí a bá wí pé, "Ẹ jọ̀wọ́, sà, ibo ni iṣẹ́ mi kù sí tí mo lè tún ṣe kí ó tó di àmọ́dún?" yóò ṣòro fún un láti dákẹ́, ohun tí ó bá sì sọ, kí a kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ tí ó sọ ọ́. Bí ìdáhùn rẹ̀ bá tako ìlànà, ìwé ìfisùn ni ó kàn, ọwọ́ ọ̀gá kan náà ni ìwé náà sì gbọ́dọ̀ gbà kọjá, bí ó ti wù kí ó korò tó; ẹni tí ó bá fò ó kọjá ti fún wọn ní ẹ̀sùn tí wọn yóò fi kàn án. Ìwé tí a fi gbà wá síṣẹ́, ìwé ìgbéga tí a gbà kẹ́yìn, èsì ìdánwò àti ẹ̀dà fọ́ọ̀mù tí a yà pamọ́ ni kí a so mọ́ ọn.

Bí èyí kò bá so èso, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ wà, àjọ tí ń gbọ́ ẹ̀sùn ará ìlú wà láti 1975, ilé ẹjọ́ tí ń gbọ́ ẹjọ́ òṣìṣẹ́ náà wà, èyí tí àtúnṣe òfin orílẹ̀-èdè ti 2010 fi agbára kún agbára rẹ̀. Kí a má ṣe tan ara wa jẹ ṣá: ilé ẹjọ́ kì í sábà ka ìgbéga sí ẹ̀tọ́ tí a lè fi ipá gbà, bóyá wọ́n tẹ̀ lé ìlànà tàbí wọn kò tẹ̀ lé e ni adájọ́ máa ń wò, ẹni tí ó bá sì lọ síbẹ̀ láìní ìwé lọ́wọ́ yóò kàn fi owó lọ́yà ṣòfò ni. Ní ilé iṣẹ́ aládàáni, ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ẹni tí wọ́n ti fò lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀mẹta, tí wọn kò sì lè sọ ìdí rẹ̀ fún un, kì í ṣe ọ̀dàlẹ̀ bí ó bá kọ̀wé síbòmíràn.

Àwọn kan sì wà tí gbogbo èyí kò kàn: àwọn ọmọ wa tí ń ka owó lẹ́yìn gíláàsì báńkì, tí wọ́n wọ aṣọ báńkì, tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín sí wa, ṣùgbọ́n tí ó jẹ́ pé ọwọ́ alágbàṣe ni báńkì ti gbà wọ́n, tí wọn kò sí lórí àtẹ̀gùn kankan tí a lè fò wọ́n lórí rẹ̀. Irú wọn kì í béèrè ìdí tí a kò fi gbé wọn ga. Kí wọ́n tó buwọ́ lu ìwé àdéhùn ni ó yẹ kí wọ́n ti béèrè ẹni tí ó gbà wọ́n síṣẹ́ gan-an, bóyá ọ̀nà kan wà tí ẹni tí ó wà lábẹ́ alágbàṣe fi lè di òṣìṣẹ́ báńkì, àti ohun tí a fi ń gba ọ̀nà náà. Bí ẹni tí ó jókòó níwájú wọn kò bá lè dáhùn, kí wọ́n mú ìwé náà lọ sílé, kí wọ́n fi hàn ẹni tí ó mọ òfin iṣẹ́.