Ìkìlọ̀ Orí Kọ̀ǹpútà: Akọ̀wé Kò Gbọdọ̀ Kánjú

Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tí ń gbé ní Kánò, Kàdúná, Jọ́ọ̀sì àti àwọn ìlú mìíràn ní ìdálẹ̀ ni ó ní ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wọn. Wọn a máa dá owó ní oṣooṣù, akọ̀wé a sì kọ ọ́ sílẹ̀. Inú ìwé ńlá ni àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ń wà tẹ́lẹ̀. Lónìí, ọ̀pọ̀ akọ̀wé ti gbé e sínú kọ̀ǹpútà, nínú ètò ìṣirò tí a ń pè ní Excel.

Akọ̀wé tí ó mọ iṣẹ́ a tún máa lo mákírò. Mákírò ni àkójọ àṣẹ tí a kọ sínú fáìlì, kí kọ̀ǹpútà lè fúnra rẹ̀ ṣe iṣẹ́ tí ènìyàn ìbá máa ṣe ní àṣetúnṣe. Ó lè ṣírò owó tí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ dá, kí ó sì yọ orúkọ àwọn tí ó jẹ gbèsè, kí akọ̀wé tó mu omi tán. Ṣùgbọ́n ohun tí ó lè ṣe rere lè ṣe ibi pẹ̀lú. Mákírò lè pa àkọsílẹ̀ rẹ́, ó sì lè fi lẹ́tà ránṣẹ́ ní orúkọ ẹni tí ó ṣí i. Ìdí nìyí tí kọ̀ǹpútà fi ń kìlọ̀.

Ohun tí ojú ti rí

Ìkìlọ̀ náà kò ṣàdédé dé. Ní 1995, kòkòrò kan tí wọ́n pè ní Concept gba inú mákírò Word tàn kálẹ̀; ní 1996, Laroux ṣe bẹ́ẹ̀ nínú Excel. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹta, 1999, Melissa dé. Ẹni tí ó bá ṣí fáìlì rẹ̀, mákírò inú rẹ̀ a mú orúkọ 50 àkọ́kọ́ nínú ìwé àdírẹ́sì onítọ̀hún, a sì fi ara rẹ̀ ránṣẹ́ sí wọn. Ọ̀dọ̀ ojúlùmọ̀ ni lẹ́tà náà dàbí ẹni pé ó ti wá, nítorí náà ọ̀pọ̀ ènìyàn kò fura. David L. Smith, ará Amẹ́ríkà tí ó dá a sílẹ̀, gba ìdájọ́ ẹ̀wọ̀n oṣù 20 ní 2002.

Àwọ̀ méjì

Ìkìlọ̀ àkọ́kọ́ jẹ́ ìlà aláwọ̀ ìyeyè lókè ojú-ewé, tí ó ní bọ́tìnì Enable Content. Bí a bá tẹ̀ ẹ́, a ti fún mákírò ní àṣẹ nìyẹn, kọ̀ǹpútà kì í sì í sábà béèrè mọ́ lórí fáìlì náà. Láti 2022 ni ilé-iṣẹ́ Microsoft ti ń fi ìlà pupa dí mákírò inú fáìlì tí ó ti orí íntánẹ́ẹ̀tì wá. Èyí kò ní bọ́tìnì ìyọ̀ǹda.

Ká ní akápò ẹgbẹ́ ní Ìbàdàn fi fáìlì ránṣẹ́ sí akọ̀wé ní Kàdúná, tí ìlà pupa sì yọ. Akọ̀wé ṣì lè ka iye owó inú rẹ̀ láìjẹ́ pé mákírò ṣiṣẹ́. Bí ó bá fẹ́ lo mákírò náà, kí ó kọ́kọ́ fi tẹlifóònù pe akápò; kí ó má ṣe fi èsì sí lẹ́tà náà, nítorí ẹni tí ó jí orúkọ lò lè dáhùn ní orúkọ náà. Nígbà tí ó bá dá a lójú, kí ó wọ Properties fáìlì náà, kí ó fi àmì sí Unblock, kí ó sì tẹ OK.

Ti ara ẹni

Fáìlì tí akọ̀wé fúnra rẹ̀ kọ mákírò sí yẹ ní àpò ọ̀tọ̀ nínú kọ̀ǹpútà, kí ó forúkọ àpò náà sílẹ̀ ní Trusted Locations, lábẹ́ Trust Center. Mákírò inú rẹ̀ yóò máa ṣiṣẹ́ láìsí ìkìlọ̀. Kí ó má ṣe lo àpò tí fáìlì orí íntánẹ́ẹ̀tì ń bọ́ sí, kí ó má sì ṣe yan ìlànà tí ń gba gbogbo mákírò láyè. Ìyẹn dàbí kí ènìyàn ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ sùn nítorí pé kọ́kọ́rọ́ ń dà á láàmú.

Ìbéèrè mìíràn tún wà, bíi kí Excel béèrè bóyá kí a pa ojú-ewé kan rẹ́. Àṣẹ DisplayAlerts lè pa irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ lẹ́nu mọ́ nígbà tí mákírò ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ojú-ewé náà yóò lọ láìsí ìkìlọ̀, a kò sì lè sábà dá iṣẹ́ mákírò padà. Nítorí náà, kí akọ̀wé ṣe ẹ̀dà fáìlì rẹ̀ sílẹ̀ ná.

Àwọn àgbà ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráàyè wọ inú rẹ̀. Owó ẹgbẹ́ kì í ṣe ti akọ̀wé nìkan. Òógùn ojú àwọn ará ilé ní ìdálẹ̀ ni. Ìṣẹ́jú méjì tí ó fi pe akápò sàn ju ọdún kan tí yóò fi máa wá àkọsílẹ̀ tí ó sọnù.